Àbúrò Mi Tó Ń Ṣọ́ Ìlà

Àbí ó rí mi ní Winnipeg?

Ojú rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Ìyẹn dá mi lójú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì tó yí pápá yìnyín ká, ó ń so okùn àṣíborí rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó gbójú sókè, ó wò... Èmi sì rèé ní ìlà àga kẹrin, ìlà kẹrin péré, torí pé tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rí rà nìyẹn. Ṣùgbọ́n wíwò yàtọ̀ sí rírí. Ènìyàn lè wo èrò bí ẹní wo oko àlìkámà, kó má rí ṣírí kan ṣoṣo níbẹ̀.

Kí wá ni mo ba mọ́lẹ̀ fún? Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, mo ba mọ́lẹ̀ sẹ́yìn àga iwájú mi bí ọmọ tó jí ṣúgà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká. "Mọ́mì, ṣé nǹkan yín bọ́ ni?" Mo ní ìbọ̀wọ́ mi ni. Ìbọ̀wọ́ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Tí mo bá ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé láàárọ̀, tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà oko kan tí mò ń retí kí ọmọ jáde, ìbéèrè yẹn tún ti dé. Tó bá rí mi, tó ṣe bí ẹni tí kò rí mi... Tàbí kó jẹ́ pé kò rí mi rárá. Èwo ló máa dùn mí jù nínú méjèèjì? Mi ò mọ̀. Mo ti yí i síwájú, mo ti yí i sẹ́yìn. Mi ò mọ̀.

Lónìí, ní Calgary, àga òkè pátápátá ni mo rà. Orí òrùlé ló kù. Láti ibi tí mo wà, àwọn tó ń jókòó sísàlẹ̀ dà bí èso sanfuláwà tí wọ́n dà sínú àwo. Kò lè rí mi níbí. Ẹnikẹ́ni ò lè rí mi níbí. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn — àbí òun kọ́? Wákàtí márùn-ún ni mo fi wakọ̀ wá síbí láti ìdájí, mo sì sanwó kí wọ́n má baà rí mi.

Bev ló yẹ kó gbọ́ èyí. Bev tó ń ta kọfí ní ilé yìnyín ìlú wa, níbi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì, ọ̀rẹ́ mi láti kíláàsì kejì. Mo sọ fún un pé dókítà ojú ni mò ń lọ rí. Ó ń nu káńtà rẹ̀, kò tilẹ̀ wò mí.

"Glenda, dókítà ojú yìí, láti oṣù kọkànlá. Ojú mélòó lo ní gan-an?"

Mo ní wọ́n ń ṣọ́ ọ ni.

"Wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ó da. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni, mú un wá ká rí i. Tí kò bá níyàwó, tí eyín rẹ̀ sì pé, a ti gbà á."

Ọkùnrin ni lóòótọ́. Àbúrò mi ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un? Pé eré kọkànlá rèé, pé mò ń ti ìlú dé ìlú lọ wo họ́kì, èmi nìkan, èmi tí mi ò mọ ẹgbẹ́ tó wà lókè tábìlì — pé kì í ṣe àwọn tó ń gbá a ni mò ń wò? Ta ló ń wakọ̀ nínú yìnyín láti lọ sá pa mọ́ fún àbúrò ara rẹ̀?

Wọ́n ń pa iná. Wọ́n fẹ́ jáde.

Àwọn rẹfirí ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kò sì sẹ́ni tí í pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn mẹ́rin, ẹ̀wù onílà dúdú àti funfun. Méjì fi ọ̀já pupa sápá, àwọn ló ń dájọ́. Méjì yòókù ò ní ọ̀já. Ìlà ni àwọn ń ṣọ́: ta ló kọjá ìlà búlúù ṣáájú rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, ta ni kò kọjá. Bí rọ́bà bá fò jáde, àwọn ló ń wá òmíràn. Bí eré bá dúró, àwọn ló ń gbé rọ́bà sílẹ̀ sáàárín ọ̀pá ẹni méjì kó tún lè bẹ̀rẹ̀. Bí ìránṣẹ́. Bí ìránṣẹ́ ni mo máa ń sọ nígbà yẹn...

Òun nìyẹn.

Mi ò nílò nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Èjìká òsì yẹn rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, láti ìgbà tí wọ́n ti là á tí wọ́n sì tún un dì. Ó yí ká lẹ́ẹ̀kan, wẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Trent. Ó ti sanra díẹ̀ lọ́rùn. Ta ló ń se oúnjẹ fún un? Ṣé ó tilẹ̀ ń jẹun láàárọ̀? Kò fẹ́ràn oúnjẹ àárọ̀ rí, inú mọ́tò ló ti máa ń jẹ búrẹ́dì, èérún rẹ̀ á wà lórí ìjókòó títí di...

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èrò ń wo ọ̀tún. Òsì ni èmi ń wò.

Mo dúpẹ́ pé ó wà níbí ná. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹnì kan máa ń kọ orúkọ àwọn rẹfirí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ eré, kì í ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí náà bí ẹní ju ìwọ̀ sódò ni mo ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé ibi tí kò sí. Vancouver ló burú jù. Mo wọ bàálù lọ. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ láìdáwọ́dúró, bàtà mi mu omi, mo débẹ̀, ọkùnrin mìíràn ló dúró sórí ìlà. Mo kúkú jókòó wò ó tán. Mi ò mọ ẹni tó borí. Ibi tí ì bá dúró sí ni mò ń wò, gbogbo ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn, bí ẹni tó ń wo àga òkú.

Láàárọ̀ yìí ní Medicine Hat, mo dúró ra epo, mo yọ fóònù, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ìka mi lè ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Trent Wiebe. Mo dúró síbẹ̀ nínú òtútù títí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi fi fọn fèrè mọ́tò. "Ìyá, epo yín ti kún tipẹ́."

Ó ti kún tipẹ́.

Ọdún mẹ́wàá. Mi ò gbọ́dọ̀ purọ́ fún ara mi, a ti ríra lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀, níbi ìsìnkú Bàbá. Ó dúró lápá ibí, mo dúró lápá ọ̀hún, kòtò wà láàárín wa. Lẹ́yìn náà, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ búrẹ́dì kan pẹ̀lú wàràkàṣì, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹní kí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ní ọ̀nà ń yọ̀, òun fẹ́ tètè máa lọ. Ó sì lọ. Káàdì Kérésìmesì ló kù: orúkọ tèmi lásán, orúkọ tirẹ̀ lásán. Mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀. Mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ wo ni mo tilẹ̀ sọ tó tó báyìí?

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣe ni mò ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé.

Oṣù karùn-ún ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni Trent nígbà náà. Ọdún mẹ́ta ni ó ti fi gbá họ́kì fún owó ní àwọn ìlú kéékèèké tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n, èjìká ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó wà nílé láti ìgbà òtútù. Mo ti ń bá dókítà kan sọ̀rọ̀ ní Saskatoon, mo ti ń wò ó pé tó bá fi ọdún kan tọ́jú ara rẹ̀... A ń jẹun. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Glennie, mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ rẹfirí. Àwọn tó ń ṣọ́ ìlà. Wọ́n ní mo lẹ́sẹ̀ rẹ̀." Ojú rẹ̀ ń dán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ máa dán láti oṣù kìíní nìyẹn, mo sì rí i, mo rí i pé ó ń dán...

Mo ní, "Ṣé torí kó o lè máa ṣa rọ́bà fáwọn tó mọ eré ṣe ni mo ṣe ń jí láago mẹ́rin fún ọdún mọ́kànlá?"

Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ó fọ àwo rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e síbi tó ń gbé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná.

"Mo rò pé ẹ máa bá mi yọ̀ ni."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, à bá jà, à bá parí ẹ̀.

Wọ́n ń pariwo báyìí. Gbogbo èèyàn dìde. Ẹgbẹ́ onílé gbá ọ̀kan wọlé. Tọkọtaya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń dì mọ́ra wọn, gúgúrú obìnrin náà ń dà sí mi lára. Trent ti yí padà, ó ń rọra bọ̀ sáàárín pápá, ó tẹrí ba, ó ń dúró de rọ́bà. Inú ẹ̀ ò dùn, inú ẹ̀ ò bà jẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, tó bá gbá a wọlé, orí yìnyín ló ń dùbúlẹ̀ sí tó ń wo òkè. Mò ń wà lẹ́yìn gíláàsì, mò ń lu gíláàsì náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ṣé òun ni mò ń ṣàárò, àbí ìyẹn?

Má bá a lọ síbẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ni ẹnu ọ̀nà. Àwọn rẹfirí ní ẹnu ọ̀nà tiwọn lẹ́yìn ilé yìí, mo ti lọ wò ó kí n tó wọlé, ilẹ̀kùn irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ní Edmonton, ní oṣù tó kọjá, mo dúró nírú ibẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìpéǹpéjú mi ń lẹ̀ mọ́ra nítorí òtútù. Ilẹ̀kùn ṣí, mo gbọ́ ẹ̀rín — ẹ̀rín rẹ̀, mo lè mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún — ẹsẹ̀ mi sì gbé mi lọ sí ibi mọ́tò. Mi ò pàṣẹ fún un. Ó kàn gbé mi lọ.

Lónìí, mo máa dúró. Kí ni mo máa sọ?

Trent, èmi ni. Ó mọ̀ pé èmi ni.

Trent, mò ń kọjá lọ ni. Wákàtí márùn-ún sílé. Kí ni mò ń kọjá lọ rà, màlúù?

Trent, má bínú... Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí. Má bínú fún kí ni? Mi ò tíì gbà pé irọ́ ni mo pa. Ká má tan ara wa. Ó lè gbá a. Gbogbo ẹni tó rí i ló sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ti Toronto wá ṣa àwọn tó mọ eré, tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé sọ bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi. Ọdún kan sí i. Èjìká ń san. Tó bá jẹ́ pé ó fún mi ní ọdún kan...

Fún mi. Mo gbọ́ ara mi.

Èmi pẹ̀lú ṣáà fún un ní nǹkan. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni èmi náà nígbà tí Mọ́mì kú. Mo wà ní Saskatoon, mò ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ku ọdún kan kí n parí. Mo wálé fún oṣù kan. Oṣù kan ni mo sọ fún wọn níléèwé, oṣù kan ni mo sọ fún Russell, àfẹ́sọ́nà mi. Ọmọ ọdún méje ni Trent, Bàbá ò sì sọ̀rọ̀ mọ́, ó kúkú lọ sínú oko kò tún padà nínú rẹ̀ mọ́, kódà tó bá jókòó sídìí tábìlì. Oṣù kan di ọdún mẹ́tàdínlógún. Russell dúró ọdún méjì. Ó kọ lẹ́tà tó dára.

Aago mẹ́rin àárọ̀. Mọ́tò tí a ti ki wáyà iná bọ̀ mọ́jú kí ẹ́ńjìnnì má baà dì. Bàtà yìnyín tí ẹlòmíì ti wọ̀ gbó, bébà tí mò ń kì sí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè bá a mu. Òkùnkùn, ojú ọ̀nà funfun, òun tó ń sùn lórí èjìká mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Mo mọ iye máìlì. Mo lè ka ohun tí mo fún un láti orí dé ìsàlẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka ẹsẹ Bíbélì, mo sì ń kà á, tí mo bá ń fọ abọ́ mò ń kà á, tí mo bá ń wakọ̀...

Abala kẹta rèé, èyí tó kẹ́yìn. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo gbọ́dọ̀ dìde báyìí tí mo bá fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yẹn kí èrò tó dí ọ̀nà. Mo wọ kóòtù. Mo fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn. Dìde, Glenda.

Ìjà.

Mi ò rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ọkùnrin gàgàrà kan láti ẹgbẹ́ àlejò àti ẹnì kan tí kò ga tó o, wọ́n di ẹ̀wù ara wọn mú, ẹ̀ṣẹ́ ń lọ, ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀. Gbogbo ilé ti dìde. Ọkọ obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ń fò sókè. Trent àti ẹnì kejì rẹ̀ dúró nítòsí, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wò, wọn ò tíì wọ̀ ọ́. Má wọ̀ ọ́. Èjìká rẹ. Trent, èjìká ẹ, jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n ná...

Ó wọ̀ ọ́.

Ó gba ẹ̀yìn mú gàgàrà náà. Ọwọ́ méjèèjì gba abẹ́ apá, ó pàdé láyà. Ọkùnrin yẹn fi orí kàn án, ó ń jà gùdù, ó ju ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn, ó bá Trent lẹ́ẹ̀kẹ́. Orí rẹ̀ yí. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, wọ́n ń fi hàn lórí ẹ̀rọ ńlá tó wà lókè, ojú rẹ̀ tóbi bí ilé. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn sí i. Trent gbé àgbọ̀n lé èjìká ọkùnrin náà, ẹnu rẹ̀ wà létí rẹ̀, ẹnu náà sì ń mì.

Ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Kí ni ènìyàn ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kò bínú sí i. Mo rí ojú rẹ̀ kedere, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. Ó kàn ń sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ohun kan náà, ó jọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Èjìká ọkùnrin yẹn ń gbọ̀n. Ó tún jà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà —

Ilẹ̀ ìdáná.

Ilẹ̀ ìdáná wa. Oṣù kẹta, ọdún tí Mọ́mì kú. Trent ti sọ ìgò èso tí Mọ́mì sè pa mọ́ kalẹ̀, gbogbo rẹ̀, ìgò mọ́kàndínlógún, omi pupa wà lára ògiri, ó wà nínú irun rẹ̀, ó sì ń wá ohun mìíràn tó máa fọ́. Ọmọ ọdún méje, agbára rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo mú un látẹ̀yìn. Ọwọ́ mi méjèèjì gba abẹ́ apá rẹ̀. A ṣubú sílẹ̀ nínú ìgò, ó fi orí gbá mi lẹ́nu, eyín mi gé ètè mi. Mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo gbé àgbọ̀n lé e léjìká. Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi rí, mo kàn ń sọ ọ́ sí i létí. "Mo mú ẹ. Mo mú ẹ. Jẹ́ kó jáde. Mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀." Títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e... Gbogbo ìgbà ìrúwé yẹn, ní ìrọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ yẹn. Bàbá wà níta pẹ̀lú katakata rẹ̀.

Mi ò kà á rí.

Mo ka bàtà. Mo ka máìlì. Mo ka Russell. Mi ò ka ilẹ̀ ìdáná rí, kò sí nínú ohun tí mò ń kà, mo rò pé nǹkan tó kàn ṣẹlẹ̀ ni, bí ìgbà tí òjò bá rọ̀. Àwọn àárọ̀ yẹn ni mo rò pé mo fi tọ́ ọ. Mo ní kó fi họ́kì san án padà fún mi. Òun sì ti mú ohun tó kọ́ lórí ilẹ̀ yẹn, ó ti gbé e jáde nílé, ó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ mo ti wò ó lójú nídìí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, mo ní rọ́bà ló fẹ́ lọ máa ṣà.

Ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọmọ tó ń dùbúlẹ̀ sórí yìnyín tó ń wo òkè, mo ti ń wá a kiri láti Winnipeg dé Vancouver, kò sí níbì kankan, kò lè sí. Ẹni tó wà ló wà yìí. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ láàárọ̀.

Èrò ti ń jókòó. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gbọn gúgúrú kúrò lára kóòtù mi, ó ń bẹ̀ mí. Mi ò tíì dìde. Àsìkò ẹnu ọ̀nà ti ń lọ, ó ku ìṣẹ́jú méje, mo rí i tó ń lọ lórí aago.

Trent ń mú gàgàrà náà lọ síbi tí wọ́n ń jókòó ṣẹ̀wọ̀n sí. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, pẹ̀lẹ́, bí ẹní ń sin arúgbó wọlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọkùnrin náà jókòó, ó dorí kodò, ìyẹ̀fun yìnyín wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Trent ò tíì kúrò níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà létè rẹ̀, ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kúkúrú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mọ́kàndínlógún ènìyàn ló ń hó nínú ilé yìí, kò sí ẹnì kan tó lè gbọ́ ohun tó sọ.

Mo gbọ́ ọ.